Gibson, Fender, àti Etí Ará Bassa

Bí àwọn àyàn bá pàdé níbi ìnáwó, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìlù: awọ èwo ni ó dára jù, igi wo ni a fi gbẹ́ ẹ, ta ni ó sì ṣán an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn onígìtá rí. Láti nǹkan bí ọdún 1968, nígbà tí orin rọ́ọ̀kì líle bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgboro kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ni àríyànjiyàn kan ti gbóná tí kò tíì parí títí di òní: nínú gìtá Gibson àti gìtá Fender, èwo ni ọ̀gá? Ibikíbi tí àwo orin bá dé ni àríyànjiyàn náà ń bá a dé. Ó dé Èkó. Ó sì dé Douala, ìlú èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó wà ní ẹ̀bá odò Wouri.

Ní ìlú Douala yìí, apá kan wà tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, Bassa ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ kan náà ni ti ẹ̀yà kan tí ilẹ̀ wọn nà láti ẹ̀yìn Douala lọ sí Edéa ní etí odò Sanaga, títí dé Eséka lójú ọ̀nà reluwé tí ó lọ sí Yaoundé. Àwọn ènìyàn yìí ní orin gìtá tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní assiko. Wọn kò jókòó nígbà tí a ń dá ẹjọ́ Gibson àti Fender, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi etí ará Bassa gbọ́ ẹjọ́ náà yóò rí i pé òṣùwọ̀n tí a fi dá a kò bá gbogbo ọjà mu. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ju ọ̀rọ̀ gìtá lọ.

Kí a tó fi ohun méjì wéra, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Gìtá àtijọ́ ní ihò ní àyà àti ikùn tí ó ṣófo; ikùn náà ni ó ń gbé ohùn okùn jáde, gẹ́gẹ́ bí akèrègbè ti ń ṣe fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gìtá oníná mànàmáná kò nílò ikùn. Okùn rẹ̀ jẹ́ irin, òòfà kéékèèké sì wà lábẹ́ okùn náà, tí a fi wáyà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Píkọ́ọ̀pù ni àwọn onígìtá ń pè é. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè òòfà, iná mànàmáná díẹ̀ a sọ nínú wáyà. Iná náà a lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ẹ̀rọ náà a sì sọ ọ́ di ohùn tí gbogbo agbo lè gbọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1932 ni irú gìtá báyìí kọ́kọ́ bọ́ sí ọjà ní California, láti ọwọ́ George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker. Gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e jẹ́ àtúnṣe lórí ọgbọ́n kan náà.

Leo Fender, ẹni tí a bí ní ọdún 1909, jẹ́ atúnrédíòṣe ní ìlú Fullerton ní California. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Ojú tí atúnrédíòṣe fi ń wo rédíò ni ó fi wo gìtá: ó fẹ́ ohun tí a lè tú palẹ̀, tí a lè tún ṣe, tí a sì lè tò padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọdún 1950 ó gbé gìtá pẹlẹbẹ kan jáde, èyí tí orúkọ rẹ̀ di Telecaster ní ọdún 1951. Ní ọdún 1954 ó gbé Stratocaster tẹ̀lé e. Pákó kan ni ara gìtá náà; ọrùn rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ìdè irin ni ó sì fi mú un mọ́ ara. Bí ọrùn bá wọ́, a ó tú u, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí Stratocaster ní títúpalẹ̀ yóò rò pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń tún ṣe.

Ọ̀nà míràn ni Gibson gbà. Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ni ilé iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1902, lórí orúkọ Orville Gibson, agbẹ́gi tí ó ń gbẹ́ ojú máńdólì bí ẹni ń gbẹ́ gòjé òyìnbó. Ìlànà àwọn agbẹ́gi náà ni ó wà nínú gìtá oníná tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1952, tí wọ́n sì fi orúkọ olórin náà Les Paul pè. Igi pupa tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀gànwó wa ni ara rẹ̀. Igi funfun líle tí a ń pè ní mépù ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Àtè ni wọ́n sì fi lẹ ọrùn mọ́ ara títí láé. Ó wúwo lọ́rùn ẹni tí ó bá gbé e kọ́. Ní ọdún 1957 wọ́n fi píkọ́ọ̀pù tuntun kan sí i, èyí tí Seth Lover tí í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe. Nípa píkọ́ọ̀pù yìí ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù láàárín ilé iṣẹ́ méjèèjì fi hàn.

Píkọ́ọ̀pù Fender jẹ́ wáyà wíwé kan ṣoṣo. Ó ń gbé ohùn okùn ní kedere, ṣùgbọ́n kì í mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbé yàtọ̀ sí ohun tí kò yẹ: bí iná ìjọba bá wà nítòsí, yóò gbé ìkùn iná náà pẹ̀lú, a ó sì máa gbọ́ ọ bí agbo oyin lẹ́yìn orin. Píkọ́ọ̀pù Seth Lover jẹ́ wáyà wíwé méjì tí a tò ní ìdojúkọ ara wọn. Bí ìkùn bá wọlé, èyí yóò tì í síhìn-ín, èyíinì yóò tì í sọ́hùn-ún, yóò sì kú sí agbede méjì; ṣùgbọ́n ohùn okùn yóò kọjá ní ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n okùn wọn kò tún dọ́gba. Okùn Fender jẹ́ ínǹṣì 25 ààbọ̀ láti orí ìtìlẹ́yìn dé ìbẹ̀rẹ̀ ọrùn. Ti Gibson kò ju ínǹṣì 24 àti ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Okùn tí ó gùn gbọ́dọ̀ le ju èyí tí ó kúrú lọ kí ohùn wọn tó bára mu. Nítorí náà ohùn Fender a máa dún gooro bí agogo, ó tètè ń jáde, ó sì tètè ń kú. Ohùn Gibson ki, ó ní ọ̀rá, ó sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó parẹ́.

Bí a bá wá dé ìgbà rọ́ọ̀kì líle, ó hàn gbangba ìdí tí ọ̀pọ̀ fi gbé adé fún Gibson. Àwọn olórin náà fẹ́ ariwo, wọ́n sì fẹ́ kí ohùn gìtá ya bí aṣọ tí a fà ya, kí ó sì máa fà lọ láìkú. Ní ọdún 1960 sí 1961, ilé iṣẹ́ Gibson fúnra rẹ̀ ti pa ìrísí Les Paul àkọ́kọ́ tì nítorí pé kò tà; wọ́n fi èyí tí ó fẹ́lẹ́, tí ó ní ìwo méjì, rọ́pò rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí SG. Lẹ́yìn tí Eric Clapton fi Les Paul àlòkù ta orin nínú ẹgbẹ́ John Mayall ní ọdún 1966, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹni tí ó ṣe é ti kọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí ọjà ní ọdún 1968. Jimmy Page ti ẹgbẹ́ Led Zeppelin gbé Les Paul kọ́ ọrùn. Tony Iommi ti Black Sabbath àti Angus Young ti AC/DC di SG mú. Ní apá kejì, Jimi Hendrix, ẹni tí ó kú ní ọdún 1970, dojú Stratocaster ọlọ́wọ́ ọ̀tún dé nítorí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ritchie Blackmore sì fi irú gìtá kan náà ṣe iṣẹ́ Deep Purple. Báyìí ni agbo pín sí méjì.

Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ẹjọ́ náà wò dáradára, àwọn ẹlẹ́rìí kan náà ni ó ń ba ẹ̀rí jẹ́. Àwọn tí ó ń fi Page yangàn fún Gibson gbàgbé pé Telecaster, iṣẹ́ ọwọ́ Fender, ni ó fi ṣe àwo àkọ́kọ́ Led Zeppelin tí ó jáde ní ọdún 1969. Iommi pàápàá, Stratocaster ni ó gbé wá nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ohùn àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀; píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ni ó bàjẹ́ tí ó fi fa SG tí ó gbé pamọ́ yọ. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí Gibson fi ń bú ramúramù nígbà náà, ti Jim Marshall ni, ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ìlù ní London. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 1962 sì jẹ́ àwòkọ ẹ̀rọ kan tí Fender ti ṣe ṣáájú. Ẹni tí ó bá ń yin Gibson nítorí ariwo rẹ̀, ó ń yin ọmọ Fender láìmọ̀.

Ìtàn Iommi tún ní ẹ̀kọ́ míràn, èyí tí ará Bassa tí ó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ní òwúrọ̀ yóò tètè yé. Ilé iṣẹ́ irin ní Birmingham ni Iommi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, tí ẹ̀rọ fi gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìka tí ó fi ń tẹ okùn gan-an ni ẹ̀rọ gé. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe fìlà fún ìka tí ó kù. Ó wá okùn tí ó fẹ́lẹ́. Nígbà tí ó yá, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ kí ó má baà ni ìka náà lára. Ohùn wíwúwo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú igi SG ni ó ti jáde, láti inú ọgbẹ́ àti sùúrù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ẹ̀rí méjì mìíràn ṣì wà. Brian May ti ẹgbẹ́ Queen kò ra ti ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1963 ni òun àti bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó ògbólógbòó ibi ìdáná àti irin alùpùpù kan gìtá nínú ilé wọn. Gìtá náà ni ó sì fi dé gbogbo ayé. Ní ọdún 1978, Eddie Van Halen gbé àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú gìtá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò: ara àti ọrùn ní ìrísí Fender, píkọ́ọ̀pù láti inú gìtá Gibson. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni a fi í ṣọgbọ́n. Níbi tí àwọn aláríyànjiyàn ti ń jà pé èwo ni kí a mú, ó mú ohun tí ó dára nínú èkíní, ó fi kún ohun tí ó dára nínú èkejì, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àmọ́ gbogbo àwọn wọ̀nyí, orí òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ti ń bára wọn jà: ohùn ta ni ó pọ̀ jù, ohùn ta ni ó sì pẹ́ jù? Nígbà tí a bá dé Bassa ni a ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n mìíràn wà.

Assiko kò fẹ́ ohun púpọ̀. Akọrin kan wà, gìtá kan wà, ẹnìkan sì wà tí ó ń fi ọ̀bẹ tàbí fọ́ọ̀kì lu ìgò òfìfo. Oníjó a di aṣọ mọ́ ìbàdí kí ìbàdí lè fẹ̀, kí gbogbo mímì rẹ̀ sì hàn sí ojú ọlọ́jà. Nínú àwọn tí ó sọ orin yìí di olókìkí, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ ju ti Jean Bikoko lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Aladin, tí ó sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2010. Iṣẹ́ gìtá nínú assiko ni láti rìn pẹ̀lú ìgò. Ìka a máa já okùn ní kíá, ohùn kékeré a tẹ̀lé ohùn kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì dá yàtọ̀ bí ẹ̀kún omi tí ń kán sínú agbada. Bí ohùn kan bá pẹ́ jù, yóò bo èyí tí ó tẹ̀lé e mọ́lẹ̀, yóò sì bo ìgò náà pẹ̀lú. Oníjó kò sì ní mọ ibi tí yóò fi ìbàdí sí.

Etí Yorùbá kò jìnnà sí etí yìí. Ní Èkó, ṣáájú kí jùjú tó gba òde, orin kan wà tí wọ́n ń pè ní aṣíkò, èyí tí wọ́n ń fi ìlù onígun mẹ́rin àti ayùn káfíńtà ṣe. Orúkọ méjèèjì jọra létí. Ní gbogbo etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti èbúté dé èbúté, ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń rìn pẹ̀lú gìtá àti ìgò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé èdè Bassa, èdè Douala àti èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Lẹ́nu wa, ọwọ́ kì í ṣe ọwọ̀, ọwọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀. Ohun èlò tí yóò bá irú èdè bẹ́ẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ lè fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ hàn láìjẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì. Àyàn tí ó ń fi dùndún sọ̀rọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tẹ ọsán àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ̀ ẹ́. Bí kò bá dẹ̀ ẹ́, ariwo ni yóò máa pa, kò ní sọ̀rọ̀.

Bí a bá gbé Gibson àti Fender sórí òṣùwọ̀n yìí, ìdájọ́ a yí padà. Ohùn gooro tí ó tètè ń kú, èyí tí àwọn onírọ́ọ̀kì kà sí àbùkù Fender, ni ohùn tí ó bá ìgò mu. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń yin Gibson di ẹrù fún oníjó. Gìtá kò yí padà, igi kò yí padà, wáyà kò yí padà. Ìbéèrè ni ó yí padà.

Ẹnìkan lè tètè dáhùn pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú gbé adé fún Fender kí ọ̀rọ̀ parí. Èyí náà yóò jẹ́ ìkánjú. Lákọ̀ọ́kọ́, ìkùn iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: níbi tí wáyà ilé kò bá dára, tí ẹ̀rọ amúnáwá sì wà lẹ́yìn fèrèsé, píkọ́ọ̀pù oníwáyà kan lè da agbo rú, ẹni tí ó bá gbé Gibson wá yóò sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, ohùn gígùn ní àyè tirẹ̀ nínú orin wa pẹ̀lú. Nínú àwo tí Sunny Adé ṣe ní ọdún 1982 tí ó pè ní Juju Music, àwọn gìtá ń sọ ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n gìtá onírin ìyọ́ tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ta ń fa ohùn rẹ̀ gùn kọjá lókè wọn bí ìkùukùu. Ó lo kúkúrú, ó lo gígùn, ó sì mọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ lè yí igi lérò padà. Ní Yaoundé, láàárín àwọn Beti tí ilẹ̀ wọn bá ti Bassa pààlà, orin bikutsi ni ó gbayì, orin tí balafon onígi bí i ní àtètèkọ́ṣe. Messi Martin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Los Camaroes ni ó kọ́kọ́ fi gìtá oníná wá ohùn balafon náà rí. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde nínú ẹgbẹ́ Les Têtes Brulées, Zanzibar ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Ó gé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi há abẹ́ okùn gìtá rẹ̀, ohùn tí ó ń fà sì dẹ́kun, ó di ohùn igi tí a fi kùmọ̀ lù. Àwọn tí ó ṣe gìtá oníná ti náwó, wọ́n ti lo ọgbọ́n, kí ohùn lè pẹ́. Òun fi fóòmù tí kò tó nǹkan kan pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí pé ó mọ ohun tí etí rẹ̀ ń wá. Ó kú ní ọdún 1988 nígbà tí ó ṣì kéré, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tí ó bá gbọ́ gìtá rẹ̀ kò ní bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bíbéèrè kò ní wá sí i lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni ó yẹ kí a sinmi lé díẹ̀. Ní ọdún 1965, Leo Fender ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wá gìtá tí a ṣe ṣáájú títà náà bí ẹni ń wá oògùn, tí wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ pé gìtá dáradára wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1977, àwọn tí ó ni Gibson gbé àwọn tí ń ta gìtá Ibanez, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Japan, lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun tí wọ́n ní wọ́n jí kò ju ìrísí orí gìtá lọ, ibi tí a ń kọ orúkọ sí. Òfin ní àyè láti dáàbò bo orúkọ àti ìrísí, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí ó lè sọ fún ni bóyá gìtá mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Etí nìkan ni ó lè dá ẹjọ́ ìyẹn.

Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ti san owó àṣejù lórí fífi ojú ṣe iṣẹ́ etí. Igi dúdú tí a ń pè ní ébónì, tí a fi ń ṣe pátákó tí ìka ń tẹ okùn lé lórí, ń hù nínú igbó ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ gìtá Taylor ti Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti Spéènì ra ilé iṣẹ́ Crelicam ní Yaoundé, níbi tí wọ́n ti ń la igi náà. Bob Taylor, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, sọ fún gbogbo ayé lẹ́yìn èyí pé nínú igi mẹ́wàá tí a bá gé, ọ̀kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ ń dúdú kíjikíji bí àwọn oníbàárà ti fẹ́. Mẹ́sàn-án tí ó kù, tí inú wọn ní ìlà àwọ̀ ilẹ̀, inú igbó ni a máa ń fi wọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n jẹrà. Igi náà le bákan náà, ó sì ń gbé ohùn bákan náà. Àwọ̀ lásán ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí ó ní ìlà, àwọn onígìtá sì rà á. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ: igbó odidi orílẹ̀-èdè lè máa tán lọ nítorí ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún padà yẹ̀ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé ẹ̀kọ́ nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní owó díẹ̀ tí ó sì fẹ́ ra gìtá, kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì gan-an ń ta èyí tí owó rẹ̀ kò ga: Fender ń ta Squier láti ọdún 1982, Gibson sì ń ta Epiphone, èyí tí ó ti rà láti ọdún 1957. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó tọ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Irú orin wo ni àwọn ọmọ yóò ta? Irú ohùn wo ni orin náà ń fẹ́, kúkúrú ni tàbí gígùn? Báwo ni iná ibi tí wọn yóò ti lò ó ti rí? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i pé orúkọ ti di ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí a wò.

Olùkọ́ lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú kíláàsì láìná kọ́bọ̀. Kí ó ta aṣọ sójú, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn aṣọ náà pẹ̀lú ohun èlò méjì, kí àwọn ọmọ gbọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ àti ìdí tí ó fi yan èyí tí ó yàn. Ọmọ tí ó bá kọ pé èkíní dára ju èkejì lọ kò tíì sọ ohunkóhun. Ọmọ tí ó bá kọ pé èkíní bá orin ijó mu nítorí pé ohùn rẹ̀ tètè ń kú, tí èkejì sì bá orin arò mu nítorí pé ó ń fà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́. Ọgbọ́n kan náà ni yóò fi ka ìwé àti ewì, tí yóò sì fi wo àwòrán àti ilé.

Ohun tí ó ń bẹ nínú ewu kò kéré. Ọmọ tí a bá kọ́ pé gìtá tí kò bú ramúramù kì í ṣe gìtá yóò gbọ́ Bikoko, yóò sì sọ pé ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n ta. Yóò gbọ́ gìtá jùjú, yóò sọ pé ó kéré. Ọwọ́ tí ó lè fi okùn sọ èdè bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀, òun yóò sì máa fi ṣe àfarawé ariwo ẹlòmíràn. Gibson dára fún iṣẹ́ tí a ṣe é fún, Fender dára fún iṣẹ́ tí a ṣe é fún, orin rọ́ọ̀kì líle sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá tí ó yẹ fún ọ̀wọ̀. Ìtìjú ibẹ̀ ni kí a gba òṣùwọ̀n ọlọ́jà kan, kí a fi wọn ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní agbo assiko, ìgò ni ó ń darí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, òfìfo ni, wọ́n sì sábà ti fọ orúkọ ara rẹ̀ dànù. Kò sí oníjó tí í bèèrè irú ọtí tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti dún dáradára, ijó bẹ̀rẹ̀.